Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Lọ sí Yunifásítì Òkèèrè

Ẹ̀yin Ọba Aládé, ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ̀yin àgbà ìlú, àti gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́,

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kan àwọn ọmọ wa tí yunifásítì ilé ń rán lọ sí yunifásítì òkèèrè fún ìgbà díẹ̀, nípa ètò tí a ń pè ní pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Ẹbí a péjọ, a ó súre, a ó sì sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ òfúrufú. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ọmọ ń rí lẹ́yìn tí ó bá dé ọ̀hún, díẹ̀ nínú wa ni ó ń béèrè rẹ̀. Òun ni a fẹ́ sọ, àti ohun tí ó tọ́ kí àwa ará ilé ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí pàṣípààrọ̀ yìí jẹ́. Ọmọ tí ó lọ kò kúrò nínú ìwé yunifásítì tirẹ̀. Ilé ni yóò ti gba oyè rẹ̀. Nínú èyí tí ó lókìkí jù, tí wọ́n ń pè ní Erasmus, tí àwọn ará Yúróòpù dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, tí ó sì ti na ọwọ́ dé Áfíríkà, akẹ́kọ̀ọ́ lè lo oṣù 2 sí oṣù 12 lọ́dọ̀ àwọn tí ó gbà á lálejò, kò sì ní san owó ẹ̀kọ́ fún wọn. Àwọn mẹ́ta ni ó ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ náà: akẹ́kọ̀ọ́, yunifásítì tí ó rán an, àti yunifásítì tí ó gbà á. Máàkì tí ó bá gbà lọ́hùn-ún ni a ó kà fún un nílé. Nítorí náà, ìrìn àjò yìí kì í ṣe ìgbafẹ́. Bí sáà kan bá bàjẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ lókèèrè, nílé ni yóò ti jìyà rẹ̀.

Ìṣirò iṣẹ́ wọn nìyí. Kírẹ́dítì 30 ni a kà sí ẹ̀kún iṣẹ́ sáà kan, wákàtí 25 sí 30 ni a sì kà sí kírẹ́dítì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 750 sí 900. Apá kan péré nínú rẹ̀ ni ọmọ yóò fi jókòó níwájú olùkọ́. Èyí tí ó kù, ìwé kíkà ni, àti iṣẹ́ tí yóò dá ṣe. Ọmọ tí ó wo tábìlì àkókò rẹ̀, tí ó rí i pé ẹ̀kọ́ kò pọ̀ lójúmọ́, lè rò pé òmìnira dé. Kò sí ẹni tí yóò lé e lọ sí ilé ìkàwé. Ìgbà tí ìdánwò bá kanlẹ̀kùn ni yóò tó mọ̀ pé àkókò ti lọ.

Ojú ọjọ́ pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀rẹ́ àlejò. Ní London àti ní Berlin, ní òpin oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí agogo 8 òwúrọ̀, a sì ti wọ̀ ní nǹkan bí agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí a tọ́ nínú agbo ilé, tí kì í jí láìgbọ́ ohùn ènìyàn, yóò wá máa dá jí nínú yàrá kan ṣoṣo, nínú òkùnkùn, tí kò sí ẹni tí yóò kí i pé ṣé ó sùn dáadáa. Bí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀ lórí tẹlifóònù, kí a má ṣe sọ pé ọ̀lẹ ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe òtútù ni ó ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró jù, ìdákẹ́ ni. Àwa ni a kọ́ wọn pé ọmọ rere kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà. Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀hún, wọn a bá olùkọ́ tí ó ní kí a máa pe òun ní orúkọ àbísọ òun, tí ó sì ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tí òun kò ti gbà pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kà. Ọmọ wa a dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀. Olùkọ́ a sì rò pé kò ka ìwé náà, tàbí pé kò ní èrò kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rere ṣe ń di ẹrù lọ́rùn ọmọ.

Ǹjẹ́ kí ọmọ náà ha sọ ẹ̀kọ́ ilé nù bí? Rárá o! Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ ni pé ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́hùn-ún kò ṣàjèjì sí àṣà wa, bí a bá kọ́ ọmọ ní àṣà náà délẹ̀. Nínú ìpàdé àwọn awo, ọmọ awo a máa kì Ifá lójú àwọn àgbà, wọn a sì tún un ṣe fún un. Àwa náà ni a ń wí pé abèèrè kì í ṣìnà, àti pé ọmọ tí ó bá ṣí apá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Àwọn yunifásítì wọ̀nyí a tún máa fi ìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ẹ̀yin àgbà, kí ni ọmọdé ń wí bí ó bá fẹ́ pa òwe níwájú yín? Ṣé kì í wí pé, tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà ni ẹ ni òwe? Ẹni tí ó mọ èyí ti mọ bí a ti ń tọ́ka sí oní-nǹkan. Ọmọ tí ó mọ ilé délẹ̀ ni ọ̀nà kì í dẹ́rù bà.

Àwọn tí ó ṣáájú fi èyí hàn. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé London ní ọdún 1922 láti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọ̀pọ̀ onílé kò fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright ti Sierra Leone ṣe olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 21 tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Láti ọdún 1929 dé 1932, Ṣólàńkẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó, ní ọdún 1933 sì ni ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣí ní Camden, ní London. Ẹ kíyè sí i: ará ilé ni ó dáwó kí ọmọ lè rí ibi sùn lókèèrè. Bákan náà ni N. A. Fádípẹ̀ lọ sí Yunifásítì London, ìgbé ayé àwa Yorùbá gan-an ni ó sì kọ̀wé lé lórí tí ó fi gba oyè dókítà ní ọdún 1939. Kò lọ lọ́wọ́ òfo.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín fún ohun mẹ́rin. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sílẹ̀, kí a sì fi wọ́n lé àwọn ará ìlú tí ó ti ń gbé ibẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbéra, nítorí àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èkejì, owó ìrànwọ́ tí a fún ọmọ wà fún oúnjẹ àti ibùgbé òun nìkan. Kí ẹbí má ṣe sọ ọ́ di àpótí ìfowópamọ́, kí ọmọ má bàa fi wákàtí ìwé ṣiṣẹ́ owó tí yóò fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀kẹta, bí a bá pè é, kí a bi í pé, ta ni ọ̀rẹ́ rẹ? kí ni o bi olùkọ́ rẹ lọ́sẹ̀ yìí? kí a tó bi í ní máàkì. Ẹ̀kẹrin, pàṣípààrọ̀ kì í ṣe lílọ nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ti wá kọ́ èdè wa ní Ifẹ̀ àti ní Ìbàdàn. Bí irú wọn bá na ọwọ́ òsì sí àgbà, tàbí tí ó kí i ní ìdúró, kí a fi sùúrù kọ́ ọ, bí a ti ń fẹ́ kí a kọ́ ọmọ tiwa.

Ẹ̀yin àgbà, àjò kì í dùn kí onílé má padà sílé. Nígbà tí ọmọ náà bá dé, tí ó sì wá béèrè ìdí ohun kan lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe wí pé òyìnbó ti bà á jẹ́. Ẹ dá a lóhùn. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a ránṣẹ́ sí ọmọ kí a má bá a. Àṣẹ.