Ìwúkàrà, Ṣúgà àti Ìfun Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ jẹ́ ti ọmọ kékeré tí ìfun rẹ̀ kò dá: ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru kì í fi sílẹ̀, tí ikùn rẹ̀ ń wú, tí ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Ní Kétu, ní Ìkòsì àti ní Máìlì 12, bí ìyá bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn kì í wọ́n ọn. Ẹnìkan a ní kí ó mú búrẹ́dì kúrò nítorí ìwúkàrà. Ẹlòmíràn a ní kí ó mú ṣúgà kúrò. Ẹnìkẹ́ta a ní ògì pàápàá ti kan, kí ó dà á nù. Kò ní í pẹ́ tí oúnjẹ ọmọ náà kò fi ní í ju omi ọbẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé ni èyí: ewu lè wà nínú ohun tí a fi sínú oúnjẹ ọmọ, ṣùgbọ́n ewu tí ó tóbi ju ìyẹn lọ lè wà nínú ohun tí a yọ kúrò, tí a kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Èkíní, kí ni ìwúkàrà? Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń ka Ìwé Mímọ́. Àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì ń pè é ní yíìsì. Ohun alààyè ni, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ṣúgà ni ó ń jẹ. Bí ó sì ti ń jẹ ẹ́, a máa tú afẹ́fẹ́ àti ọtí jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń mú ìyẹ̀fun wú. Ọtí yìí ni ó ń mú kí ẹmu tí ó dùn ní òwúrọ̀ máa pa ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́. Ó wà nínú ògì wa pẹ̀lú. Nígbà tí a bá rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì jẹ́ kí ó sinmi, ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn ni wọ́n jùmọ̀ ń sọ ọ́ di kíkan. Kíkan náà kì í ṣe ìbàjẹ́. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú gbilẹ̀ nínú rẹ̀.

Iná ààrò a máa pa ìwúkàrà, nítorí náà búrẹ́dì tí ó jinná kò gbé ìwúkàrà alààyè wọ inú ọmọ. Ìbátan rẹ̀ kan, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Candida, ń gbé jẹ́ẹ́ nínú ìfun ọ̀pọ̀ ènìyàn láìṣe ibi. Ó lè gbilẹ̀ bí ara ọmọ bá di aláìlágbára, tàbí bí ó bá ti lo oògùn apakòkòrò pẹ́. Funfun tí í bo ahọ́n ọmọ ọwọ́ bí wàrà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Oògùn ń bẹ fún un ní ilé-ìwòsàn. Kò sí ẹ̀rí tí ó dájú pé mímú gbogbo búrẹ́dì àti gbogbo ohun dídùn kúrò ni yóò lé e lọ. Ìwúkàrà kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìfun: Henri Boulard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí i lára èso ní ilẹ̀ Indochina ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣègùn kan sì ń lò ó títí di òní fún ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹ lè bi mí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí ara àwọn ọmọ kan fi ń yá nígbà tí a bá mú búrẹ́dì kúrò? Ìtàn kan ni yóò dáhùn. Ní ọdún 1924, oníṣègùn kan ní New York, Sidney Haas, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ìfun wọn bàjẹ́ tí wọ́n sì ń rù. Ó mú búrẹ́dì, bísíkíìtì àti ọ̀dùnkún kúrò nínú oúnjẹ wọn, ó sì ń fún wọn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ara wọn yá. Gbogbo ènìyàn sì yin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Holland, oníṣègùn ọmọdé kan, Willem Dicke, ti ń fura sí àlìkámà. Nígbà ìyàn ńlá tí ó mú níbẹ̀ ní 1944 sí 1945, búrẹ́dì di ọ̀wọ́n gógó, ara àwọn ọmọ aláìsàn wọ̀nyí sì ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà. Ní 1950 ó fi ìwádìí rẹ̀ hàn pé àlìkámà ni ó ń pa ìfun wọn lára. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó wò wọ́n sàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwúkàrà ni ó ń ṣe wọ́n. Ohun kan tí ó wà nínú àlìkámà ni, tí à ń pè ní gluten.

Ẹ kíyèsí ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí. Ènìyàn lè rí ìwòsàn kí ó má mọ ohun tí ó wò ó sàn. Ẹni tí ó gbà pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí yóò tún fún ọmọ ní búrẹ́dì, àrùn yóò sì padà. Ọmọ tí a bá rí àrùn yìí lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàgò fún búrẹ́dì, sẹ̀mó tí a fi àlìkámà ṣe, núdù àti pọ́fúpọ́fù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu, ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní gluten nínú. Kí a sì mọ èyí pẹ̀lú: kí a tó mú àlìkámà kúrò ni kí a ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí bí ọmọ bá ti jáwọ́ nínú rẹ̀ pẹ́, àyẹ̀wò náà lè máà fi òtítọ́ hàn.

Ìyá kan tí Haas tọ́jú ọmọ rẹ̀, Elaine Gottschall, kọ ìwé kan ní 1987 nípa irú ètò oúnjẹ yìí. Ó ka ṣúgà, gbogbo ọkà àti iṣu léèwọ̀, ó sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n àti oyin sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn kan ń lo ètò náà fún àwọn ọmọ tí ìfun wọn ní egbò, ṣùgbọ́n wọ́n ń wọn ọmọ náà lórí òṣùwọ̀n nígbà gbogbo. Ẹni tí ó gba èèwọ̀ náà tí kò gba òṣùwọ̀n, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ohun dídùn. Ní 1971, nígbà tí onígbáméjì ń pa àwọn tí ogun lé kúrò ní Bangladesh, Dilip Mahalanabis, oníṣègùn ará Íńdíà, pàṣẹ pé kí a po ṣúgà àti iyọ̀ pọ̀ mọ́ omi fún wọn láti mu. Níbi tí nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ti ń kú, iye àwọn tí ń kú kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ṣúgà ni ó ń ṣílẹ̀kùn ìfun fún iyọ̀, omi sì ń tẹ̀lé wọn wọlé. Nítorí náà, ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ ṣàìrí ṣúgà yìí. Ẹ lo àpò ORS tí wọ́n ń tà ní ilé olóògùn. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní gérégé, mọ́ lítà kan omi mímọ́. Ẹ má ṣe fi kún un, ẹ má ṣe dín in kù. Ẹ fi síǹkì tì í fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwòsàn bá ti wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ orí ọmọ.

Dídùn lórí ahọ́n àti iṣẹ́ inú ìfun kì í ṣe ọ̀kan náà. Àgbáyun a máa mú kí ohun kíkan dùn. Èso ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn, tàbí nínú àwọn ohun dídùn inú ìgò, tí ó lè dípò ṣúgà nínú omi iyọ̀ náà. Àwọn kan nínú wọn, bí sorbitol, a tilẹ̀ máa fa omi sínú ìfun, ìgbẹ́ a sì pọ̀ sí i. Oyin ńkọ́? Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí májèlé rẹ̀ ń rọ ọmọ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ní oúnjẹ ojoojúmọ́, ó dára kí ṣúgà mọ níwọ̀n. Bí ògì bá nílò adùn, ẹ lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n tàbí dàbínù sí i. Kò ṣòro láti rí wọn rà ní ọjà èso Ìkòsì.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí a ó fi dípò. Ní 1933, Cicely Williams, obìnrin oníṣègùn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana nísinsìnyí, ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí awọ ara wọn ń bó, lẹ́yìn tí a gba ọmú lẹ́nu wọn tí a sì ń fi ẹ̀kọ àgbàdo nìkan bọ́ wọn. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Ga ń pè é kọ ọ́ sínú ìwé: kwashiorkor. Ọmọ tí a mú gbogbo nǹkan kúrò lẹ́nu rẹ̀ nítorí ìfun lè bá ara rẹ̀ ní ojú ọ̀nà kan náà. Ẹyin, ẹja, edé lílọ̀, ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ àti ẹ̀wà sóyà wà ní ọjà wa. Kí ọ̀kan nínú wọn wà nínú àwo ọmọ lójoojúmọ́. Kí ọmọ ọmú sì máa mu ọmú lọ.

Bí dókítà bá ní kí a mú nǹkan kúrò, ẹ mú ẹyọ kan kúrò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, kí ẹ sì kọ bí ìgbẹ́ àti ìwọ̀n ọmọ ti rí. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ bèèrè bóyá kí a dá a padà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú ọmọ bá jìn, bí kò bá lè mu omi, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tàbí bí ìgbẹ́ náà bá pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ìyá, ẹni tí ń tú koríko lóko a máa mọ èpo yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́. Ẹ jẹ́ kí a fà èpo tu, ṣùgbọ́n kí a má ṣe tu oko náà run.