Bí Ìlànà Bá Yí Padà, Kí Ìwé Rẹ̀ Náà Yí Padà

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn òǹkàwé iyàrá ìkàwé ní agbègbè Ẹgbẹ́dá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí àwọn ìwé ìlànà tí ó wà lọ́wọ́ wa: èyí tí ń sọ bí a ti í po oògùn, bí a ti í gbin irúgbìn, bí a ti í lo ẹ̀rọ. Ohun méjì ni ó yẹ kí a máa béèrè nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tí ó wí ṣì tọ̀nà? Bí ó bá sì tọ̀nà, ǹjẹ́ ẹni tí ó ń wá a lè tètè rí i?

Ẹ jẹ́ kí n fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 àti láàrin àwọn ọdún 1960, nígbà tí kòkòrò tí ń fa omi ara igi kòkó ń ba oko jẹ́ káàkiri ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, oògùn tí a fi lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ ni èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Gàmálìn. Oògùn náà ṣiṣẹ́ púpọ̀, ìwé tí ń kọ́ni bí a ti í pò ó sì wọ ilé àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọdún 1960 náà ni àwọn onímọ̀ ti rí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé àwọn kòkòrò kan ti ń fara da á. Nígbà tí ó yá, ayé mọ̀ pé lindane, èròjà tí ń ṣiṣẹ́ nínú Gàmálìn, kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ tàbí nínú ara ènìyàn. Ní oṣù September 2008, òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ń ra kòkó wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààlà sí ìwọ̀n oògùn tí ó lè ṣẹ́kù sára kòkó. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm, Nàìjíríà sì wà lára wọn, fi lindane sínú àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ wọ oko mọ́.

Ìwé tí ó wà nínú àpótí kò gbọ́ ọ̀kankan nínú ìròyìn wọ̀nyí. Bí ọmọ tí ó jogún oko bàbá rẹ̀ bá ṣí àpótí náà lọ́la, ìwé yóò bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àṣẹ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ó ti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ẹni tí ó kọ ọ́ purọ́. Òtítọ́ ìgbà tirẹ̀ ni ó kọ. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì, ni àwọn àgbà wí.

Kódà bí oògùn inú ìwé bá dára, ìwọ̀n lè yí padà. Éékà àti gálọ́ọ̀nù ni àwọn ìwé àtijọ́ fi ń ka nǹkan. Hẹ́kítà àti lítà ni a ń lò báyìí. Hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì àbọ̀. Gálọ́ọ̀nù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba nǹkan bí lítà 4.5, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ òde òní, kẹ́ẹ̀gì èyíkéyìí ni gálọ́ọ̀nù, ìbáà gba lítà 5, ìbáà gba 25. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe lè ka ìwé dáradára, kí ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, síbẹ̀ kí ó po oògùn tí kò lè pa kòkòrò kankan, tàbí èyí tí yóò jó ewé kòkó dànù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwé tí ó ti pọ́n nìkan ni a ń bá wí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat, oògùn ìpako tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń lò. Ìwé tí a tẹ̀ ní 2022 tí ó ní kí a lò ó ṣì lè máa dán gbinrin, síbẹ̀ ó ti di ti àtijọ́.

Ọ̀ràn yìí kò mọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan wà ní Ìbàdàn àti Èkó tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń tẹ̀lé. Wọn kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láti ìpìlẹ̀. Àkójọ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ wà, tí wọ́n ń pè ní láíbírì, wọn a sì mú ohun tí wọ́n bá fẹ́ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí káfíńtà ti í ra ìṣó tí kì í ṣe òun ni ó rọ ọ́. Ìwé ìlànà ni ó ń sọ bí a ti í lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí ó ni iṣẹ́ bá tún un ṣe tí kò tún ìwé ṣe, ètò ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìwé náà yóò dàrú, kò sì ní mọ ohun tí ó fà á. Ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò ni Python. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2020 ni ìtọ́jú ẹ̀yà kejì rẹ̀ parí. Àwọn tí ó ni ín kò fa ìwé ẹ̀yà náà ya, nítorí pé iṣẹ́ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ gbangba sí orí rẹ̀ pé ti àtijọ́ ni, a kò tọ́jú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì tọ́ka sí èyí tí ó wà lóde.

Èyí wù mí púpọ̀. Àwa níhìn-ín, bí a kò bá fi ìwé àtijọ́ wé àkàrà, a ó tò ó jọ pẹ̀lú tuntun bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ó yẹ kí gbogbo ìwé ìlànà tí ó bá wọ iyàrá yìí ní ọjọ́ àti ọdún lára, àti orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó fi í ránṣẹ́. Nígbà tí tuntun bá dé, kí a fi yíǹkì pupa kọ “ti àtijọ́” sí ojú èyí tí ó gba ipò rẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí àpótí ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti rírí rẹ̀, àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé a ń to ìwé gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ìjọba ti fi nọ́ńbà sí i. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti oko kò mọ nọ́ńbà. Èso kòkó tí ó ń dúdú ni ó mú lọ́wọ́. Nítorí náà, “Kòkó tí ó ń dúdú” ni kí a kọ sí ẹ̀yìn fáìlì. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TMS 30572, àgíríìkì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń pe irú rẹ̀; kí orúkọ méjèèjì wà níta, kí ẹni tí ó mọ ọ̀kan má baà lọ lọ́wọ́ òfo.

Kí ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ náà yóò wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé bí a bá fi í sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Kí ó yẹ gbogbo ìwé wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí àkókò fífín oògùn tó wọlé. Èyí tí kò bá ní ọjọ́ lára rárá, kí a má fi po oògùn kankan títí a ó fi béèrè nípa rẹ̀ ní ilé ìwádìí kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ láti 1964, tàbí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń kọ́ àgbẹ̀ ní agbègbè wa.