Ahọ́n Kejì fún Awo: Bí Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Kọ́ Èdè Sípáníìṣì

  

Àwọn tó ń wá Ifá wá sí ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe elédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àwọn ará Kúbà, Venezuela, Mẹ́síkò àti Puerto Rico wà nínú wọn, èdè Sípáníìṣì sì ni wọ́n ń sọ nílé. Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá jókòó níwájú ọpọ́n, ọ̀rọ̀ Ifá sábà máa ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé etí rẹ̀: láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Sípáníìṣì. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fọ́, àlejò lè gbé èèwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sílé, àṣírí rẹ̀ yóò sì ti di ohun tí ẹni kẹta mọ̀.

Ọ̀rọ̀ gbèsè tún wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, kò jẹ́ kí èdè òrìṣà kú lẹ́nu wọn. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí pátápátá ní erékùṣù náà, síbẹ̀ ní ọdún 1957 Lydia Cabrera ṣì rí ọ̀rọ̀ Lukumí kó jọ lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì fi wọ́n ṣe odidi ìwé atúmọ̀ tó pè ní Anagó. Ní ọdún 1987, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé ṣe àbẹ̀wò sí Kúbà. Àwọn tó wà lókèèrè ti di okùn náà mú láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yẹ kí awo tó wà nílé náà mú ìdí okùn tiẹ̀.

Ọ̀nà wo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò gbà?

Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tó mọ̀. Changó, Yemayá, Ochún, babalao, moyuba: Ṣàngó, Yemọja, Ọ̀ṣun, babaláwo àti mo júbà ni wọ́n. Láti ara wọn ni yóò ti rí i pé ch ni wọ́n fi rọ́pò ṣ, y ni wọ́n sì fi rọ́pò j. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni èdè náà ní: a, e, i, o, u. Wọn kì í pe h rárá. J tiwọn ló ń dún bíi h tó le. B àti v ń dún bákan náà. Àmì orí á tàbí ó kì í ṣe àmì ohùn. Ibi tí a ó ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ló ń fi hàn. Ní Kúbà, s tó bá kẹ́yìn ọ̀rọ̀ a máa rọ̀ tàbí kí ó pòórá, tí «buenos días» á fi dún bíi «bueno día».

Lẹ́yìn èyí, kí ó kọ́ ìkíni. Buenos días ni ẹ káàárọ̀, buenas tardes ni ẹ káàsán, gracias ni ẹ ṣeun. Èdè náà mọ ọ̀wọ̀: tú ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ẹni, bí «ìwọ», usted ni ti àgbà àti àlejò, bí «ẹ̀yin». Ọmọ Yorùbá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ìdí rẹ̀.

Kí ó ka ikin ní èdè náà lójoojúmọ́, láti uno dé dieciséis. Yorùbá yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún kí ó tó rí ẹẹ́rìndínlógún; Sípáníìṣì fi mẹ́fà kún mẹ́wàá.

Kí ó wá há odidi gbólóhùn tí iṣẹ́ awo ń béèrè sórí, bí ọmọ awo ṣe ń tẹ̀lé olúwo nínú ẹsẹ Ifá: kí ó gbọ́, kí ó wí i tẹ̀lé e, kí ó tún un wí lọ́la. Ogún gbólóhùn tó dá lẹ́nu sàn ju igba ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé. «Más despacio, por favor» ni «ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra sọ ọ́». Bí ó bá ṣi akọ àti abo ọ̀rọ̀ pè, kí ó má dúró. Wọn yóò gbọ́ ọ.

Àwọn ibì kan wà tí kò gbọdọ̀ ṣì. «No debe comer» ni «kò gbọdọ̀ jẹ». «No tiene que comer» ni «kò pọn dandan kí ó jẹ». Ẹni tó bá fi ìkejì sọ èèwọ̀ kò tíì sọ èèwọ̀ kankan. Mañana ni ọ̀la, òun náà sì ni òwúrọ̀. Nítorí náà, «mañana por la mañana» ni «lọ́la ní òwúrọ̀», kí àlejò má baà pàdánù àkókò ẹbọ. Embarazada kò ní í ṣe pẹ̀lú ìtìjú bí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè rò, aboyún ni.

Kí ó wá alábàárìn. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń fẹ́ Yorùbá bí awo ṣe ń fẹ́ Sípáníìṣì. Kí wọ́n jọ máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ọjọ́ kan ní Yorùbá, ọjọ́ kejì ní Sípáníìṣì, kí ẹnikẹ́ni má bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Kí olúkúlùkù sì máa tún àṣìṣe ẹnì kejì ṣe láìfi ṣẹ̀sín.

Títí èdè náà yóò fi dá ṣáká, kí ògbufọ̀ ṣì wà nídìí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Awo tó gbọ́ díẹ̀ á ti lè mọ̀ bí ògbufọ̀ bá fò kọjá. Kí àlejò sì fi ẹnu ara rẹ̀ tún èèwọ̀ sọ kí ó tó dìde. Ohun tí kò bá lè tún sọ, kò tíì gbọ́ ọ.

Èyí kò sọ pé kí Yorùbá di ẹ̀yìn. Yorùbá ni ẹsẹ Ifá, Yorùbá ni yóò sì máa jẹ́. Àlàyé ni a ń wá èdè fún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìṣẹ́jú ogún lójúmọ́, láti ọdún Ifá yìí títí dé èyí tó ń bọ̀, tó fún awo láti kí àlejò rẹ̀, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, kí ó sì sọ èèwọ̀ fún un láìṣì í.

Ifá á gbe gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.