Wúfà Méjì, Áńpù Kan

Bí ọkọ̀ bá há ní Tinúbú Square l'Ékòó, ẹ lè gbọ́ wúfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ tó rí ọkọ̀ tó gbé e. Ó dùn o, àmọ́ áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún wúfà ní agbára, ń jóná bí wọ́n bá so wáyà ṣì.

Óòmù ni ìwọ̀n bí wúfà ṣe ń dènà iná tó ń ti inú áńpù bọ̀. Orúkọ Georg Ohm, ará Jámánì, ni wọ́n fi pè é. Bí óòmù bá ṣe ń kéré, bẹ́ẹ̀ ni iná tí áńpù ń tú jáde ń pọ̀.

Ẹ mú wúfà olóòmù 4 méjì. Tí ẹ bá so pósítíìfù méjèèjì pọ̀, tí ẹ so nẹ́gátíìfù méjèèjì pọ̀, óòmù 2 péré ni áńpù á rí. Tí iná bá kọ́kọ́ gba inú èkíní kó tó dé èkejì, ó di 8. Agbára ohùn á dínkù, ṣùgbọ́n ara á tu áńpù. Áńpù tí kò lè gbé óòmù tó kéré ju 4 lọ, tí ẹ wá fún ní 2, á gbóná, á dákẹ́, ó sì lè jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara áńpù kí ẹ tó sanwó. Wáàtì RMS ni kí ẹ wò, ìyẹn agbára tó lè gbé láìsinmi; èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, èmi ò kà á sí.