Ẹnu ọ̀nà Kétu àti àká wa



Gbogbo wa la mọ Àkàbà Ìdènà. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ṣùgbọ́n báwo ni ogun Dàhọ̀mì ṣe wọ ìlú tó ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 1886? Wọ́n dó tì wá, ó pẹ́, oúnjẹ tán nílé. Ebi ti mú wa kí idà tó dé. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì tán ni àwọn tó kù padà wá tún ìlú kọ́.

Lónìí, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà la fi ń jẹun, la fi ń ran ọmọ níwèé. Síbẹ̀, bí a bá kórè tán, kíá, a ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́jà nígbà tí kò lówó lórí. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ebi dé, ọwọ́ ẹni tó tà á fún náà ló ti lọ rà á padà, ní ọ̀wọ́n! (Ó ní kí n má sọ fún yín o.)

Ó yá, ẹ mú ìwé yín. Ẹ kọ ọ́: ẹni mélòó ló wà nílé? Tóńgólò mélòó là ń jẹ lọ́sẹ̀? Ẹ ṣírò rẹ̀ títí dé àgbàdo tuntun. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kó sínú àká. Èyí tó bá ṣẹ́kù la ó tà.