Àwọ̀ Tí Ọmọ Gbé Wáyé

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 14 tó ń fi owó oúnjẹ ra ìpara abóra ló ń jẹ mí lọ́kàn. Máákúrì (mercury) wà nínú òmíràn lára ìpara wọ̀nyí. Kì í dúró sójú awọ: ó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Sítẹ́rọ́ọ̀dù inú òmíràn a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn, ojú ọgbẹ́ kì í tètè jinná. Bẹ́ẹ̀ dúdú tí wọ́n ń bó dànù yìí gan-an ló ń gba ara wa lọ́wọ́ oòrùn.

Ó dùn mí pé nínú ilé ni ọmọ mìíràn ti kọ́kọ́ gbọ́ pé pupa ló lẹ́wà. Ẹ má fi ẹgba bá a sọ ọ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ jọ ka ara ike ìpara náà. Bí ẹ bá rí mercury tàbí hydroquinone, èròjà abóra mìíràn, tàbí tí kò sí àkọlé rárá, ẹ gbé ìpara náà àti ọmọ náà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí.