Ẹ̀dá Apẹranjẹ Inú Àpótí Gíláàsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tí ń sin ẹ̀dá inú òkun nínú ilé mu gidigidi. Wọn a gbé àpótí gíláàsì sí yàrá àlejò, wọn a rọ omi iyọ̀ sí i, wọn a to òkúta iyùn sínú rẹ̀, wọn a sì kó ẹja aláràbarà sí i. Bí ó bá yá, ojú wọn a wọ ẹ̀dá aláìlégungun-ẹ̀yìn tí ń pa ẹlòmíràn jẹ. Kí wá ni ojúṣe ẹni tí ó bá ra irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀?

Èkíní ni oúnjẹ. Edé kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hymenocera picta, tí ń gbé inú Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó sì rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹja ìràwọ̀, tí kì í ṣe ẹja rárá, ni oúnjẹ rẹ̀. Takọtabo a jùmọ̀ dà á dé ẹ̀yìn, wọn a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ṣóńṣó apá rẹ̀ wá. Àwọn mìíràn ń ra edé yìí láti fi pa ẹja ìràwọ̀ kéékèèké tí ó ti pọ̀ jù nínú àpótí. Nígbà tí ìyẹn bá tán ńkọ́? Ebi ni yóò pa òṣìṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá lè máa wá ẹja ìràwọ̀ fún un, kí ó má rà á.

Èkejì ni mímọ agbára rẹ̀. Odontodactylus scyllarus fara jọ edé, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ ni ó fi ń fọ́ ìkarahun akàn àti ìgbín. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kéde pé ẹ̀ṣẹ́ náà lè yára tó mítà 23 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1998, ọ̀kan nínú wọn fọ́ gíláàsì àpótí rẹ̀ ní Great Yarmouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú ẹ̀dá yìí a máa fara pamọ́ sínú òkúta òkun wọlé. Bí ẹja bá ń dín kù, onílé a bínú pa á. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣẹ̀. Ìṣe rẹ̀ ni ó ń ṣe. Àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ó nípọn, ni ó yẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀mí ènìyàn. Hapalochlaena, ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ olórùka aró, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Síbẹ̀, oró rẹ̀ lè dá èémí ènìyàn dúró, kò sì sí oògùn tí ń pa oró náà. Àfi kí a máa bá ẹni tí ó bù jẹ mí títí oró yóò fi kúrò lára rẹ̀. Irú èyí kò yẹ ní ilé tí ọmọdé wà. Kò tilẹ̀ yẹ ní ilé ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò wí pé kí a má sin apẹranjẹ kankan. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rà á kò gbọdọ̀ dà á sínú òkun tí kì í ṣe tirẹ̀ nígbà tí ó bá sú u. Kí ó dá a padà fún ẹni tí ó tà á, tàbí kí ó fún ẹni tí ó lè tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó gbé ọmọ ẹkùn wálé kò gbọdọ̀ bá ẹkùn jà pé ó ń jẹ ẹran. Onílé ni ó ní ìpinnu, òun náà ni ó ni ẹ̀bi.